Ọwọ́ Tí A Kò Pè: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tí Ń Rajà àti Ẹni Tí Ń Tà



Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n ó bá olúkúlùkù wa dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ó jẹ́ nípa ìfọwọ́kàn tí ènìyàn kò fẹ́, èyí tí ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ fún wa wá: ẹni tí ń tajà fún wa, ẹni tí ń gbé oúnjẹ síwájú wa, ẹni tí ń rán aṣọ wa, ẹni tí ń dirun fún wa, àti ẹni tí ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìdí tí a fi yàn án ni pé láàárín oṣù mẹ́ta tí ó kọjá, ènìyàn mẹ́rin ni ó wá bá wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nípa rẹ̀, obìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kọ́kọ́ bẹ̀ wá pé kí a má ṣe fi òun rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó ń dun ènìyàn tí ó sì ń tì í lójú láti sọ, ó yẹ kí àgbà bá a sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

ÀṢÌṢE TIWA

Kí a tó kọ́ ẹlòmíràn, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ilé oúnjẹ kan wà ní Ketu tí a máa ń yà sí ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí a bá ń ti ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn bọ̀. Ọmọbìnrin kan ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wa níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, bí ó ti gbé àwo kalẹ̀, ó fi ọwọ́ pa wá lẹ́yìn ọrùn, ó sì wí pé, "Dádì mi, ẹ kú iṣẹ́ o." Kò dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n a rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ra wá ní èjìká. A dákẹ́, a sì yára jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àgbà ìjọ kan ni ó bá wa jókòó. Bí ọmọ náà ti na ọwọ́ báyìí, ojú tì wá níwájú ẹnìkejì wa. A fò dìde, a jágbe mọ́ ọn, a sì pè é ní orúkọ kan tí kò yẹ kí ó ti ẹnu ẹni tí ó wọ irú aṣọ tí a wọ̀ jáde. Ọ̀gá rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ilé, kò béèrè ohunkóhun, ó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ.

Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá kí a tó tún rí i, ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Ikosi, tí ó ru omi inú ọ̀rá lé orí. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa. A bi í léèrè ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Màdáàmù wa ni ó ní kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ọkùnrin tí ó bá wọlé. Wọ́n ní bí a kò bá fọwọ́ tọ́ oníbàárà, kò ní padà wá. Ẹ̀yin náà sì rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kìíní. Mo rò pé ó dùn mọ́ yín ni."

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni kò jẹ́ kí a sùn ní òru ọjọ́ náà. Ẹ̀rín wa kì í ṣe òtítọ́, ìdákẹ́ wa kì í ṣe òtítọ́. Igbe wa nìkan ni ó jẹ́ òtítọ́, òun náà sì pẹ́ jù, ó sì le jù. Ìbá ṣe pé a sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní ọjọ́ kìíní, ara wa ìbá sinmi, iṣẹ́ ọmọ náà kì bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwa yọ ọfà sí ẹni tí kò ní apata.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a tàn yín jẹ nípa ìtàn kan ṣoṣo yìí. Àwa jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin, a sì ní ọlá níwájú ọmọ náà. Agbára wà lọ́wọ́ wa. Ọmọbìnrin tí ó bọ́ sí àárín àwọn géńdé ọkùnrin ní ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ọwọ́ tí ó kàn wá, kí a tó mọ irú ẹnu tí a ó fi dá a lóhùn.

ORÍṢÌÍ ỌWỌ́ MẸ́RIN

Èkíní ni ọwọ́ iṣẹ́. Aránṣọ kò lè wọn ènìyàn láti òkèèrè. Onídìrí gbọ́dọ̀ di orí mú. Onígbàjámọ̀ gbọ́dọ̀ yí àgbọ̀n ẹni sí ọ̀tún àti sí òsì. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mú apá kí ó tó gún abẹ́rẹ́. Kò sí ẹ̀bi nínú ọwọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó ní ààlà: ibi tí iṣẹ́ bá parí sí ni òun náà gbọ́dọ̀ parí sí. Aránṣọ tí ó ti wọn àyà lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé, kò ní ìdí láti tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Èkejì ni ọwọ́ ọ̀yàyà. Ìyá arúgbó tí ń ta ẹ̀fọ́ a máa gbá ọwọ́ wa mú, a sì máa súre fún wa nítorí pé a ra ọjà rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Kò ní ibi nínú. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ kí a fọwọ́ kan òun lè kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sì ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ara olúkúlùkù ni ilé rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá nìkan ni a ń ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ owó. Irú èyí ni ti ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀, irú rẹ̀ sì ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fa obìnrin ní ọrùn ọwọ́ wọ inú ìsọ̀ kí ó lè wo bàtà. Ọkàn rẹ̀ kò sí lára ẹni tí ó ń fà. Àpò ni ó ń wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé kò ní èrò mìíràn ni ẹni tí a ń fà yóò ṣe gbà á.

Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Ti kọ̀ǹdọ́ kan ni pé yóò ṣe bí ẹni tí ń ran obìnrin lọ́wọ́ láti gun ọkọ̀ dáńfó, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì dúró sí ibi tí ìrànlọ́wọ́ kò sí. Ti òmíràn ni pé yóò fi èrò ọjà bojú, yóò sì máa fi ara rọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Èyí kì í ṣe àṣìṣe, kò sì yẹ kí a pè é ní eré.

Báwo ni a ó ti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni yóò fi í hàn. Bí a bá wí fún ọlọ́wọ́ ọ̀yàyà tàbí ọlọ́wọ́ owó pé a kò fẹ́, yóò yọ ọwọ́, a sì máa bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ yóò rẹ́rìn-ín, tàbí kí ó ní, "Kí ni mo ṣe?" ọwọ́ rẹ̀ yóò sì tún padà wá. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ sọ ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń kọ ohun tí a kò fẹ́, ó sì ń fi irú ẹni tí a bá pàdé hàn wá.

A HA LÈ PE ÈYÍ NÍ ÀṢÀ?

Àwọn kan a máa wí pé, "Ọjà ni, bẹ́ẹ̀ ni a ti bá a." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí àwọn baba wa ti ń kí ara wọn. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ṣe é ní ibi tí wọ́n wà, àlàfo sì wà láàárín ẹni tí ń kí àti ẹni tí a ń kí. Ọ̀wọ̀ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ wa kì í fi ọwọ́ kan ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Ní ti ọjà títà, ẹnu ni a fi í polówó, kì í ṣe ọwọ́. Ẹni tí ń kiri ẹ̀kọ tàbí àkàrà a gbé ohùn sókè ní ìdájí, ẹni tí ebi ń pa a sì jáde wá bá a. Ọgbọ́n ẹnu ni ìpolówó. Ẹni tí kò bá ní in ni ń fi ọwọ́ wá a.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbàgbé ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé. Ìjọba ní kí a jìnnà sí ara wa, kí a má sì bọ ara wa lọ́wọ́. Ìyà jẹ àwọn ọlọ́jà púpọ̀ ní ọdún náà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbà láàyè láti ta oúnjẹ ń tà á láìfa ẹnikẹ́ni ní aṣọ. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ata kò nílò kí a di oníbàárà mú kí ó tó wọ inú àpò.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ YABA, ÀTI NÍ MILE 12

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn obìnrin kan tí Damilola Marcus ṣe aṣáájú wọn rìn wọ inú ọjà Yaba. Wọ́n pe ìrìn náà ní Market March. Ẹ̀bẹ̀ wọn kò gùn: kí àwọn ọkùnrin tí ń tajà níbẹ̀ dẹ́kun àti máa di àwọn obìnrin mú, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ara wọn, kí wọ́n má sì bú ẹni tí ó bá kọ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọlọ́jà pariwo lé wọn lórí, wọ́n sì ju nǹkan lù wọ́n. Síbẹ̀ ìrìn náà ṣe ohun kan: àwọn obìnrin púpọ̀ tí wọ́n ti rò pé àwọn nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí rí i pé ọ̀pọ̀ ni àwọn. Ohun tí a bá dá ru nínú òkùnkùn a máa wúwo ju òkúta lọ. Bí ẹni méjì bá gbé e síta, a máa fúyẹ́.

Ọjà Mile 12 tiwa kò rí gẹ́gẹ́ bí ti Yaba. Oúnjẹ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu ń ti Òkè Ọya dé nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ènìyàn onírúurú èdè sì ń pàdé níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ pátápátá. Aláàárù tí ó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì kò lè dúró tọrọ ọ̀nà. A máa fi apá ti ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ kí ọrùn rẹ̀ má bàa ṣẹ́. Ẹ má ṣe ka ìyẹn kún ohun tí à ń wí. Ẹ yà fún un, kí ẹ sì kí i pé ó kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni tí kò ru ẹrù bá fi ìdíkọ̀jọ èrò bojú láti máa fọwọ́ tọ́ ènìyàn, ìyẹn ni à ń bá wí.

Ohun kan tún wà tí àwa ará Kosofe kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2016, aáwọ̀ kan tí a gbọ́ pé ó ti ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà kan bẹ̀rẹ̀ di ìjà láàárín Yorùbá àti Hausa ní Mile 12. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ohun ìní jóná, gómìnà ìgbà náà, Akinwunmi Ambode, sì ti ọjà náà pa. Ẹni tí ń tà á kò rí owó, ẹni tí ń rà á kò rí ata. Nítorí náà, bí ọwọ́ ẹnìkan bá kàn wá ní ọjà yìí, ẹni náà ni kí a bá wí. A kò gbọ́dọ̀ bú ẹ̀yà rẹ̀, tàbí ìlú rẹ̀, tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ti máa ń ṣe," ti fi ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn kan pe ogún ènìyàn sí ìjà.

BÍ A Ó TI ṢE É

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn kan kò tó fún gbogbo ọwọ́. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ márùn-ún ni a là sílẹ̀, tí ẹnìkan lè tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí yóò fi rí àlàáfíà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ara sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ tó dé. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹnìkan a máa dì mọ́ ènìyàn, ẹ tètè kí i láti òkèèrè, ẹ fi ìpele ọjà tàbí àga sí àárín ẹ̀yin àti òun. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè síwájú àyà yín pẹ̀lú ojú rere. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ẹnu sọ ọ́, ní ìgbà àkọ́kọ́, ní ohùn pẹ̀lẹ́, láìrẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹni ni a fi í kọ mé-jẹ. Ẹ̀rín ni ó ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ jù, nítorí ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín tí ó sì ń kọ̀, ẹ̀rín ni wọn yóò gbọ́. Fún ẹni tí ó kéré sí yín, ẹ lè wí pé, "Àbúrò mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n n kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn mí, gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, ó tó." Fún ẹni tí ó jù yín lọ, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má bínú, ara mi kì í gba ìfọwọ́kàn. Àdúrà yín ni mo fẹ́." Fún ẹni tí ń fa yín ní ọjà, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹnu pè mí, èmi yóò dáhùn. Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀." Fún aránṣọ, "Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀n fún mi, èmi yóò di téèpù náà mú níbẹ̀ fúnra mi." Kò sí èébú nínú ọ̀kankan, kò sì sí irọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ó bá tún un ṣe, ẹ gbé ohùn sókè, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ó ṣe. Ẹ má ṣe kàn pariwo lásán, ẹ wí pé, "Mo ti sọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan! Yọ ọwọ́ rẹ kúrò ní ìbàdí mi!" Ẹni tí ó wà ní ìtòsí kò lè ran yín lọ́wọ́ bí kò bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ọwọ́ náà jẹ́ ti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò pọn dandan kí ẹ ti ìgbésẹ̀ kejì kọjá; ẹ̀yin kò jẹ ẹ ní gbèsè ohùn pẹ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ilé oúnjẹ ní ọ̀gá, ọjà ní ìyálọ́jà àti olórí ìsọ̀ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ibùdókọ̀ ní alága. Ẹ sọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tí a ṣe. Bí ẹ bá bẹ̀rù láti dá lọ, ẹ mú ẹnìkan dání. Ẹ béèrè kí a kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ náà kí a sì tọ́ ọ sọ́nà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ni ó yẹ kí a fi oúnjẹ òòjọ́ ènìyàn san. Àwa kò béèrè bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tiwa, ó sì ń dùn wá di òní.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ọ̀ràn bá kọjá ìkìlọ̀, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Òfin ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a ṣe ní ọdún 2011 tí a sì tún ṣe ní 2015, ka fífi ọ̀ràn ìbálòpọ̀ yọ ènìyàn lẹ́nu kún ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ẹni tí ó ṣe é lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Yàtọ̀ sí àgọ́ ọlọ́pàá, iléeṣẹ́ ìjọba kan wà tí a ń pè ní DSVA ní ìkékúrú. Òun ni ó ń rí sí ọ̀ràn ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Ẹnikẹ́ni, ọkùnrin tàbí obìnrin, lè mú ẹjọ́ rẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ.

Ní gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, ẹ má ṣe gbé ọwọ́ yín sókè láti lu ẹnikẹ́ni, àfi bí ẹ bá ń gba ara yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ewu. Ẹ má sì ṣe ké "olè" nítorí kí èrò lè tètè wá. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí èrò máa ń ṣe sí ẹni tí a bá ké olè lé lórí ní Èkó, kí a tó béèrè bóyá olè ni í ṣe.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ỌLỌ́JÀ ÀTI ÀWỌN Ọ̀GÁ

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Rúùtù ará Móábù, ẹni tí í ṣe opó àti àlejò, tí ó wá pèéṣẹ́ ní oko Bóásì. Bóásì kò di gbogbo ìṣọ́ra náà ru obìnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin oko rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Ó mọ̀ pé ẹni tí ń san owó iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tètè máa ń wọni létí. Bí ọ̀gá kan bá lè sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó bu oúnjẹ, ó lè sọ fún un pé kí ó pa ọwọ́ náà mọ́ lára oníbàárà.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa ra ọkùnrin lára kí ọjà lè tà, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ó dá: ó ṣẹ̀ sí oníbàárà, ó sì ṣẹ̀ sí ọmọ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ni yóò jágbe. Àwọn kan yóò fà á mọ́ra, wọn yóò sì ní òun ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwọn. Ta ni yóò gbèjà rẹ̀ nígbà náà?

Ó sì kù díẹ̀ fún àwa tí ń rà. Ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ tiwa náà. Àwọn ọkùnrin kan wà tí kò lè gba àwo lọ́wọ́ ọmọbìnrin láìdi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, tí wọn a sì máa pè é ní "ìyàwó mi". Ọmọ náà a rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí àwa ti rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kìíní. A ti sọ ohun tí ẹ̀rín náà tọ́ sí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ipá mú ọmọdé láti dì mọ́ ìyá olóúnjẹ, tàbí awakọ̀ ilé-ìwé, tàbí mẹ́gáàdì, nítorí pé "wọ́n fẹ́ràn rẹ". Ó tó kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Bí ọmọ bá sì sọ fún yín pé òun kò fẹ́ lọ ra nǹkan ní ìsọ̀ kan mọ́, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ béèrè ìdí. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin tí ó dàgbà ni wọ́n fọwọ́ kàn ní ọjà, ẹ má ṣe fi aṣọ tí ó wọ̀ ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹni tí ọwọ́ wà lára rẹ̀ ni kí a bi nípa ọwọ́.

ÌPARÍ

A padà lọ bá màdáàmù ilé oúnjẹ náà. Ó kọ̀ láti gba ọmọ náà padà. A wá mú àgbà ìjọ tí ó wà pẹ̀lú wa ní ọjọ́ náà dání, a lọ bá ọmọ náà, a sì bẹ̀ ẹ́ níwájú ẹni tí a ti bú u. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Àwa ti fi méjèèjì lé e jáde. Lónìí ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ìyá kan nínú ìjọ wa. Ní oṣù tí ó kọjá, òun ni ó wọ̀n wá fún aṣọ Àjíǹde. Ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n wọn èjìká yín?" A ní kí ó wọ̀n ọ́n.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Nínú oríṣìí ọwọ́ mẹ́rin tí a ka sílẹ̀, èwo ni ẹ ti bá pàdé rí, kí ni ẹ sì sọ?

2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín aláàárù tí ó ti ènìyàn ní ọjà àti ẹni tí ó fi èrò bojú? Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n?

3. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ gbólóhùn kan tí òun lè fi kọ ìfọwọ́kàn láìbú ẹni tí ó ṣe é. Ẹ sọ ọ́ jáde láìrẹ́rìn-ín.

4. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́: ìgbà wo ni ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ wọn gbẹ̀yìn? Bí ẹ kò bá tíì bá wọn sọ ọ́ rí, ọjọ́ wo ni ẹ ó sọ ọ́ nínú ọ̀sẹ̀ yìí?